Ṣéènì rọ́bà bíréèsì: èwo ló ń dẹ̀ kíá, èwo ló ń dúró, èwo ni kẹ́ ẹ mú?

Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ so ṣéènì rọ́bà tuntun (okùn rọ́bà olójú-ojú tí wọ́n fi ń fa eyín sún mọ́ra) mọ́ bíréèsì yín, ìyẹn irin tí wọ́n fi ń to eyín, ẹ̀yin náà á mọ̀ pé nǹkan wà lẹ́nu yín, á fún gan-an, eyín á máa ro yín, ẹran inú ọbẹ̀ alẹ́ ọjọ́ yẹn ẹ ò ní lè jẹ ẹ́, àmọ́ tó bá fi máa di ọjọ́ kẹta ara ti tù yín, ẹ ti padà sídìí ẹ̀bà yín. Ọ̀pọ̀ èèyàn á ní eyín ló ti mọ́ ọn lára. Ó mọ́ ọn lára díẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ ni pé rọ́bà yẹn fúnra ẹ̀ ti dẹ̀. Láàrin wákàtí 24 àkọ́kọ́, ṣéènì rọ́bà tí gbogbo wa ń lò máa ń pàdánù bí ìdajì ipá tó fi bẹ̀rẹ̀, àwọn míì tiẹ̀ ń pàdánù tó ìpín 70 nínú 100, àtipé wákàtí kìíní gan-an ló ń burú jù. Lẹ́yìn ìyẹn ó kàn ń rọra dẹ̀ lọ ni, tó bá fi máa pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ohun tó kù nínú ẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ ju ìpín 30 sí 40 lọ.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Ká ní dókítà fa ṣéènì, géèjì tá a fi ń wọn ipá sì ka 300 gíráàmù. Lọ́la, tó bá ṣe dáadáa, ẹ máa bá 150. Lọ́sẹ̀ kẹrin, 90 sí 120. Eyín ṣóńṣó kan tá a fẹ́ fà sẹ́yìn sínú àyè eyín tá a yọ, ohun tó ń fẹ́ ò ju nǹkan bí 100 sí 200 gíráàmù lọ, ẹ ti wá rí i pé 300 ọjọ́ kìíní yẹn ti pọ̀ jù fún un, èyí tó kù lọ́sẹ̀ kẹrin sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kéré jù, àárín méjèèjì yẹn ni iṣẹ́ gidi ti ń ṣẹlẹ̀. Ìdí tí mo fi jókòó kọ èyí nìyẹn, fún ẹ̀yin òbí tó ń sanwó, ẹ̀yin tó ń wọ bíréèsì, àti ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ kílíníìkì. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ yan ṣéènì, ẹ má fi ipá ọjọ́ kìíní yàn án, ẹ má sì fi àwọ̀ yàn án. Ipá tó máa kù lọ́jọ́ tí ẹni yẹn máa padà wá ni kẹ́ ẹ fi yàn án.

Kí ló dé tó fi ń dẹ̀ ná?

Polyurethane, irú ike kan tó ń nà bíi rọ́bà, ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn, láti bí ọdún 1960 sókè làwọn dókítà eyín sì ti ń lò ó. Tẹ́ ẹ bá lè wo inú ẹ̀, bí òwú tó lọ́ mọ́ra wọn ló rí, òwú gígùn gígùn tí nǹkan so pọ̀ níbì kan níbì kan. Tẹ́ ẹ bá fà á, àwọn òwú yẹn á nà, wọ́n á fẹ́ padà sípò wọn, ìfẹ́ àtipadà yẹn gan-an ni ipá tó ń fa eyín. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá fi í sílẹ̀ ní nínà fún ìgbà pípẹ́, àwọn òwú yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ kọjá lára ara wọn, ibi tí wọ́n ti so pọ̀ á máa tú díẹ̀díẹ̀, wọn ò wá ní rántí ibi tí wọ́n wà tẹ́lẹ̀ mọ́. Rọ́bà ìdí ṣòkòtò náà nìyẹn, ẹ̀yin náà mọ bó ṣe máa ń rí tó bá pẹ́, rọ́bà ò já, ó wà níbẹ̀, àmọ́ ṣòkòtò ò dúró sídìí mọ́. Ẹnu wá tún burú ju ìdí ṣòkòtò lọ, tórí itọ́ wà níbẹ̀ tọ̀sán tòru, polyurethane sì máa ń fa omi mu, omi yẹn á wọ àárín àwọn òwú, á jẹ́ kó túbọ̀ rọrùn fún wọn láti yọ́. Ooru ẹnu náà ń bẹ, nǹkan bí 37 lórí ìwọ̀n Celsius, ká tó wá sọ ti tíì gbígbóná. Ìdí nìyẹn tí ṣéènì tí wọ́n nà sórí tábìlì gbígbẹ fi máa ń dúró ju èyí tí wọ́n nà sínú omi gbígbóná lọ.

Ohun kan tún wà táwọn èèyàn kì í kà mọ́ ọn. Nínú láàbù, píìnì méjì tí kì í mira ni wọ́n sábà máa ń na ṣéènì sí. Lẹ́nu, eyín ń sún mọ́ ara wọn (ohun tá a sì ń wá nìyẹn), nítorí náà ṣéènì ń kúrú lọ bí ọ̀sẹ̀ ṣe ń gorí ọ̀sẹ̀, ipá ẹ̀ á wá lọ sílẹ̀ nítorí dídẹ̀, á tún lọ sílẹ̀ nítorí kíkúrú. Ẹ fi èyí sọ́kàn tẹ́ ẹ bá rí ìwé tí ilé iṣẹ́ kan fi ń polówó ṣéènì wọn.

Closed, short àti long

Ara páálí ṣéènì lẹ máa rí ọ̀kan nínú ọ̀rọ̀ mẹ́ta yìí. Ìyàtọ̀ wọn ò ju bí ojú kan ṣe jìnnà sí èkejì lọ. Closed, àwọn ojú ẹ̀ so mọ́ra wọn pẹ́kípẹ́kí, láti àárín ojú kan dé àárín èkejì ò ju bíi mílímítà 3 lọ. Short ní ọrùn díẹ̀ láàrin ojú méjì. Long ní ọrùn tó gùn jù, tiẹ̀ ń lọ sí bíi mílímítà 4.

Tẹ́ ẹ bá fa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dé ibì kan náà, closed ló máa lágbára jù, nínú ọ̀pọ̀ ìwádìí tí wọ́n ti fi wọ́n wéra òun náà ló ń tọ́jú ipá ẹ̀ jù, long ló sì sábà máa ń dẹ̀ jù. Tó bá jẹ́ ibẹ̀ yẹn nìkan la máa wò, gbogbo èèyàn á kàn máa ra closed ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí eyín ṣe rí. Eyín iwájú ìsàlẹ̀ kéré, wọ́n wà nítòsí ara wọn, closed bá wọn mu dáadáa, ojú kan á bọ́ sórí bráákẹ́ẹ̀tì kan (irin kékeré tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ojú eyín) láìjẹ́ pé ẹ fà á ya. Tẹ́ ẹ bá wá fẹ́ fo àyè eyín tí wọ́n yọ, láti eyín ṣóńṣó dé eyín ńlá ẹ̀yìn, tẹ́ ẹ sì mú closed olójú mẹ́ta péré tẹ́ ẹ fà á tipátipá kó lè débẹ̀, ẹ ti ba nǹkan jẹ́ nìyẹn. Ipá ọjọ́ kìíní á fò lọ sí 400 gíráàmù tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ojú tó wà létí á fẹ́ẹ́ lẹ́, ó lè já kó tó dilé, tí ò bá sì já, nínà tó kọjá ààlà yẹn ò ní jẹ́ kó padà sípò mọ́. Short tàbí long tí ojú ẹ̀ tó ló dáa jù níbẹ̀.

Òfin tí èmi ń tẹ̀ lé rọrùn: ẹ wọn gígùn ṣéènì nígbà tó ṣì sùn sórí tábìlì, ẹ jẹ́ kí gígùn ẹ̀ lẹ́nu fi ìdajì jù ú lọ, tó pọ̀ jù kó jẹ́ ìlọ́po méjì. Tó bá jẹ́ mílímítà 12 lórí tábìlì, kó wà láàrin 18 sí 24 lẹ́nu. Tó bá ti ń lọ sí ìlọ́po mẹ́ta, ẹ fi ojú kan kún un. Ojú kan péré lè yí gbogbo nǹkan padà, mo ti rí i tí géèjì bọ́ sílẹ̀ wọ̀ọ̀ nítorí ojú kan ṣoṣo tá a fi kún un. Tẹ́ ẹ ò bá ní géèjì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ra ọ̀kan, ohun kékeré ni, ọwọ́ ò lè mọ ìyàtọ̀ láàrin 200 àti 350.

Ní ti jíjá, èyí tó ń já lẹ́nu, ibi tí irin ìdìmú ti fún un pọ̀ ló sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í ya, tàbí ibi tó ń há sábẹ́ etí bráákẹ́ẹ̀tì. Ẹ rọra dì í mú. Àwọn ilé iṣẹ́ kan ń gé ṣéènì jáde lára pèpele rọ́bà bí ẹni ń gé bísíkíìtì, àwọn kan ń da á sínú mọ́ọ̀dù, tẹ́ ẹ bá fẹ́ràn láti máa wo nǹkan dáadáa ẹ ó rí i pé etí èyí tí wọ́n gé máa ń mú díẹ̀, ibẹ̀ lẹ ó ti máa ṣọ́ ọ bóyá ó fẹ́ ya.

Aláìláwọ̀, aláwọ̀ eérú, pupa, búlúù, àti gbogbo àwọ̀ ayẹyẹ

Mi ò ní pẹ́ níbí. Àwọn ọmọdé fẹ́ràn àwọ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n mú un, ọmọ tí inú ẹ̀ dùn sí bíréèsì ẹ̀ ló máa ń fọ eyín ẹ̀. Àmọ́ àwọ̀ tí wọ́n pò mọ́ rọ́bà yẹn ń wọ inú ohun tí wọ́n fi ṣe é, nínú ìwádìí mélòó kan àwọn aláwọ̀ máa ń dẹ̀ ju aláìláwọ̀ àti aláwọ̀ eérú lọ, bó ṣe pọ̀ tó sì yàtọ̀ láti ilé iṣẹ́ kan sí òmíràn. Tó bá jẹ́ pé àyè ńlá la fẹ́ dí, aláwọ̀ eérú lèmi ń mú.

Àìláwọ̀ ní wàhálà tiẹ̀. Ẹ ti rí kúlà ike funfun tí wọ́n gbé ọbẹ̀ epo sí rí? Ó ti pọ́n títí ayé nìyẹn, ọṣẹ kankan ò lè bọ́ ọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ṣéènì aláìláwọ̀ ṣe ń rí lẹ́nu ẹni tó ń jẹ jọ̀lọ́ọ̀fù tí kọ́rì pọ̀ nínú ẹ̀, kọ́rì ló burú jù, kọfí náà ń bẹ níbẹ̀. Láàrin ọjọ́ mélòó kan á ti di yẹ́lò, ẹni tó ní òun ò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni rí bíréèsì òun á wá máa pa ẹnu dé nígbà tó bá ń rẹ́rìn-ín. Sọ fún un kó tó mú un.

Ṣéènì lásán àti ṣéènì mémórì

Ibí yìí ṣe pàtàkì gan-an, tórí ojú lásán ò lè mọ ìyàtọ̀ wọn, méjèèjì lè jẹ́ aláwọ̀ eérú, méjèèjì á wà lórí kẹ̀kẹ́ kékeré bí òwú ìránṣọ, ìkan kàn wọ́n ju ìkejì lọ ni. Nínú ṣéènì lásán, ohun tó so àwọn òwú inú ẹ̀ pọ̀ ò lágbára, ooru lè tú u, bí ike tó ṣeé yọ́ kí wọ́n tún un rọ. Nínú mémórì, wọ́n ti so àwọn òwú yẹn pọ̀ ní ìdè tí ò ṣeé tú mọ́ látìgbà tí wọ́n ti ń sè é, ẹ lè finá sí i títí, kò ní yọ́ di omi, jíjó ló máa jó. Nítorí ìdè yẹn, àwọn òwú ò lè fi bẹ́ẹ̀ yọ́ kọjá lára ara wọn.

Ohun tó tẹ̀yìn ẹ̀ yọ ni pé ipá ọjọ́ kìíní mémórì sábà máa ń kéré sí ti ṣéènì lásán tẹ́ ẹ bá fà wọ́n dọ́gba, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lò ó á ní kò lágbára, wọ́n á tún fà á sí i. Ẹ má fà á sí i. Ó bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀, àmọ́ kì í já bọ́ bíi tọ̀hún, tó bá di ọ̀sẹ̀ kẹta òun ló sábà máa ń wà lókè. Tẹ́ ẹ bá gbé méjèèjì síra wọn: ṣéènì lásán ń fún eyín ní ipá tó ga lójijì, á dùn ún, á wá dákẹ́, mémórì ń fún un ní ipá tó wà níwọ̀n, ìyẹn sì ni egungun ń fẹ́. Egungun tí wọ́n bá tẹ̀ jù, ẹ̀jẹ̀ ò ní lè kọjá níbẹ̀, àwọn sẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ á kú, eyín á wá dúró sójú kan fún ọ̀sẹ̀ méjì mẹ́ta títí ara á fi tún ibẹ̀ kó kúrò, nígbà yẹn eyín ńlá ẹ̀yìn tá a fi ṣe òpó á ti máa rọra bọ̀ síwájú, gbòǹgbò eyín sì lè máa kúrú. Nítorí náà ẹni tó bá ń sọ pé ó ń dun òun gan-an torí náà ó ń ṣiṣẹ́ gan-an, ẹ bá mi sọ fún un pé ìrora kọ́ la fi ń wọn iṣẹ́ o.

Àwọn kan máa ń kọ́kọ́ na ṣéènì lásán kí wọ́n tó fi sẹ́nu, wọ́n á fà á gùn lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì kó lè pàdánù èyí tó máa pàdánù lóde. Ó ń ṣe díẹ̀, pàápàá fún wákàtí àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n díẹ̀ náà ni. Kò lè sọ ṣéènì lásán di mémórì.

Ṣéènì, sípíríǹgì NiTi, àti rọ́bà oníwáyà

Níbí ni owó ti ń wọ ọ̀rọ̀. NiTi, níkẹ́lì àti titanium ni wọ́n pò pọ̀, ní láàbù àwọn ológun ojú omi Amẹ́ríkà ni wọ́n ti rí i pé irin yìí máa ń rántí bó ṣe rí tẹ́lẹ̀, wọ́n wá fi orúkọ láàbù yẹn mọ́ tiẹ̀, Nitinol. Tí wọ́n bá fi ṣe sípíríǹgì kékeré, mílímítà 9 tàbí 12, tẹ́ ẹ fi húùkù ẹ̀ kan kọ́ eyín ẹ̀yìn tẹ́ ẹ fi ìkejì kọ́ iwájú, ohun tó máa ń yani lẹ́nu ni pé bẹ́ ẹ fà á gùn díẹ̀ bẹ́ ẹ fà á gùn púpọ̀, ipá ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ bákan náà, wọ́n á kọ ọ́ sára páálí pé 150 tàbí 200 gíráàmù, ó sì máa wà nítòsí ibẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Eyín ń sún, sípíríǹgì ń kúrú, ipá ò fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Ohun tí rọ́bà ò lè ṣe nìyẹn láé.

Èyí tó kù nínú mẹ́ta yẹn ni rọ́bà róbótó kan ṣoṣo, irú èyí tí wọ́n fi ń di wáyà mọ́ bráákẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n á so mọ́ wáyà tín-ín-rín, wọ́n á wá fà á láti eyín ẹ̀yìn dé húùkù iwájú. Òun ló pọ́ọ́kú jù.

Ìwádìí kan jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 2002 tó fi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wéra lẹ́nu èèyàn gidi, kì í ṣe lórí píìnì. Rọ́bà oníwáyà yẹn dí àyè ní mílímítà 0.35 lóṣù, ṣéènì 0.58, sípíríǹgì NiTi 0.81. Ẹ fi sí àyè eyín kan tó fẹ̀ tó mílímítà 7: sípíríǹgì á gbà tó oṣù mẹ́sàn-án, ṣéènì ọdún kan gbáko, rọ́bà oníwáyà ogún oṣù. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ báyìí ẹ máa ní sípíríǹgì ni gbogbo ayé, àmọ́ àwọn tó ṣe é náà sọ ọ́ kedere pé ìyàtọ̀ láàrin sípíríǹgì àti ṣéènì nínú iṣẹ́ wọn ò tó ohun téèyàn lè fọwọ́ sọ̀yà lé lórí, sípíríǹgì àti rọ́bà oníwáyà nìkan ni wọ́n rí ìyàtọ̀ tó dájú láàrin wọn, ibi tí wọ́n wá dé ni pé sípíríǹgì ló yá jù, ṣéènì sì jẹ́ èyí tó pọ́ọ́kú tó tún ń ṣe iṣẹ́ tiẹ̀. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀. Ṣéènì tí wọ́n ń pààrọ̀ lásìkò ò jìnnà sí sípíríǹgì rárá.

Ọ̀rọ̀ wá kù sórí "lásìkò" yẹn. Àwọn ibi tí wọ́n ti ń ṣe bíréèsì nílẹ̀ wa ò pọ̀, ìlú ńlá ni wọ́n kóra jọ sí, Èkó, Ìbàdàn, Ifẹ̀. Ẹni tó ń ti Ṣakí bọ̀ wá s'Íbàdàn, tí owó mọ́tò ń lé lójoojúmọ́, ẹ sọ fún un pé kó wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, á wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, mi ò sì ní dá a lẹ́bi. Láti ọ̀sẹ̀ kẹrin sí ìkẹjọ yẹn, ṣéènì ẹnu ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má ṣe nǹkan kan mọ́ ju kó máa kó oúnjẹ pamọ́ lọ. Tẹ́ ẹ bá wá ṣírò owó mọ́tò, owó kílíníìkì, àti oṣù tó ń ṣòfò, sípíríǹgì tó dà bíi pé ó wọ́n yẹn lè jẹ́ òun ló pọ́ọ́kú fún un.

Sípíríǹgì náà ní àléébù o. Oúnjẹ máa ń há sáàrin ẹ̀, ó lè máa ha ẹ̀rẹ̀kẹ́ tàbí ẹran ìdí eyín tí kò bá sí àyè, tí húùkù ẹ̀ bá sì yọ, ẹni yẹn á ṣáà gbọ́dọ̀ wá. Ẹni tí ara ẹ̀ kì í gba níkẹ́lì, tí yẹtí pọ́ọ́kú máa ń mú kí etí ẹ̀ yún kó wú, ẹ bi í dáadáa kẹ́ ẹ tó fi síbẹ̀. Irin yẹn tún máa ń gbóná gba ipá, tí èèyàn bá mu tíì gbígbóná á le sí i díẹ̀, tó bá mu omi fíríìjì á rọ̀, á sì padà sípò bí ẹnu bá ṣe padà sípò.

Ẹ má gbàgbé wáyà tó wà lábẹ́ gbogbo ẹ̀. Ṣéènì tó dáa jù láyé tẹ́ ẹ bá so mọ́ wáyà róbótó tín-ín-rín, eyín á dà wó sínú àyè yẹn ni, kò ní rìn. Wáyà irin onígun mẹ́rin tó nípọn, bí èyí tó jẹ́ íǹṣì 0.019 lápá kan, 0.025 lápá kejì, nínú ihò bráákẹ́ẹ̀tì tó jẹ́ íǹṣì 0.022, ni kó kọ́kọ́ wà níbẹ̀.

Rọ́bà tí ẹ̀ ń fọwọ́ ara yín wọ̀, àti ọ̀rọ̀ èjí

Èyí yàtọ̀ sí ṣéènì. Rọ́bà róbótó tí dókítà kó fún yín nínú ọ̀rá pé kẹ́ ẹ máa fi kọ́ eyín òkè mọ́ ti ìsàlẹ̀, oje igi rọ́bà gidi ni wọ́n sábà fi ń ṣe é, irú igi tí wọ́n ń dá oko ẹ̀ lápá Òǹdó àti Ẹdó. Ìyẹn máa ń tọ́jú ipá ẹ̀ ju polyurethane lọ, kì í dẹ̀ tó o láàrin ọjọ́ kan, ṣùgbọ́n ó ń bàjẹ́ tó bá pẹ́ nínú itọ́, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní kẹ́ ẹ máa pààrọ̀ ẹ̀ lójoojúmọ́. Iye tí wọ́n kọ sára ọ̀rá, bíi 3.5 ounce (ìyẹn tó bí 100 gíráàmù), ìgbà tẹ́ ẹ bá nà án tó ìlọ́po mẹ́ta fífẹ̀ ihò ẹ̀ ló tó bẹ́ẹ̀. Tí oje rọ́bà bá ń mú kí ara yín yún tàbí kí ẹnu yín wú, ẹ sọ fún dókítà kíá, irú èyí tí kò ní oje igi wà, ó kàn máa ń tètè dẹ̀ ni, nítorí náà ẹ ó máa pààrọ̀ ẹ̀ léraléra.

Ẹ wá jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ èyí. Lọ́dọ̀ wa, èjí, ẹwà ni, àwọn kan tiẹ̀ ń lọ gé eyín kí wọ́n lè ní in. Àmọ́ àwọn tí ò fẹ́ tiwọn wà, wọ́n á wá rí fídíò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tí ẹnì kan ti fi rọ́bà lásán yí eyín iwájú méjì ká kí èjí ẹ̀ lè pa dé, láìsí bráákẹ́ẹ̀tì kankan. Ẹ má dán an wò. Eyín fẹ̀ lápá tó hàn síta ó sì tín-ín-rín lápá gbòǹgbò, nítorí náà rọ́bà yẹn á máa yọ́ gòkè lọ sínú ẹran ìdí eyín, ẹ lè má rí i mọ́, ẹ ó rò pé ó já bọ́ lójú oorun, bẹ́ẹ̀ ó wà nínú ibẹ̀ tó ń fún gbòǹgbò, ó ń jẹ egungun. Eyín iwájú tí kò ní àìsàn kankan ti bọ́ lẹ́nu èèyàn lọ́nà yìí. Bráákẹ́ẹ̀tì ni kì í jẹ́ kí ṣéènì yọ́, ìdí tó fi wà níbẹ̀ nìyẹn. Fún èjí tí dókítà fẹ́ pa dé, closed láti eyín kan sí èkejì lórí wáyà tó le ló dáa, ẹ sì bi í wáyà ìdádúró tó máa fi sẹ́yìn eyín lẹ́yìn náà, tórí èjí máa ń fẹ́ padà ṣí.

Ohun tó ń ba ṣéènì tó dáa jẹ́

Ní kílíníìkì kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, ojú fèrèsé ni wọ́n ń kó kẹ̀kẹ́ ṣéènì sí, oòrùn ọ̀sán ń wọlé sórí ẹ̀ gbangba. Ó pẹ́ ká tó mọ̀. Ṣéènì kan á já bẹ́ ẹ bá ti fà á, òmíràn á dẹ̀ kí ẹni náà tó dé géètì, a ń bú ilé iṣẹ́ tó ṣe é, ilé iṣẹ́ ò sì mọ nǹkan kan. Inú mi bàjẹ́ nítorí àwọn ọmọ tó ti ń wá fún oṣù mẹ́ta tí eyín wọn ò kúrò níbi tó wà. Ooru, ìmọ́lẹ̀ àti afẹ́fẹ́ ń ba polyurethane jẹ́ kó tó dé ẹnu ẹnikẹ́ni. Inú páálí ẹ̀ ni kó wà, níbi tó tutù, tó ṣókùnkùn, ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n kọ sára ẹ̀, ẹ má ra èyí tó pọ̀ jù lẹ́ẹ̀kan náà torí pé wọ́n ń ta á lọ́pọ̀. Tíná ò bá dúró níbi tẹ́ ẹ wà, ẹ wá àpótí tó wà nísàlẹ̀ ilẹ̀ níyàrá tí oòrùn kì í wọ̀.

Ní tẹ̀yin tó ń wọ̀ ọ́, omi ìfọnu tó ní ọtí nínú máa ń mú kí ṣéènì tètè dẹ̀, wọ́n ti rí èyí nínú láàbù. Omi ìfọnu tí kò ní ọtí wà, ẹ béèrè ẹ̀ ní kẹ́mísìtì.

Èwo ni màá mú fún ta?

Ọmọ tí ilé ẹ̀ ò jìnnà, tí ìyá ẹ̀ kì í jẹ́ kó pa ọjọ́ jẹ, tó jẹ́ pé àyè kéékèèké ló kù láàrin eyín iwájú: closed, àwọ̀ tó bá wù ú, ká pààrọ̀ ẹ̀ lọ́sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin. Ẹni tá a yọ eyín fún tá a fẹ́ fa eyín ṣóńṣó sẹ́yìn, tó ń wá déédéé, mémórì aláwọ̀ eérú, short, 150 sí 200 gíráàmù lórí géèjì. Ẹni tó ń ti ọ̀nà jíjìn bọ̀, tàbí akẹ́kọ̀ọ́ tó jẹ́ pé ìparí sáà nìkan ló ń wálé, sípíríǹgì NiTi, tí ẹran ìdí eyín ẹ̀ bá mọ́ tónítóní. Tí kò bá mọ́, tó ń ṣẹ̀jẹ̀ nígbàkigbà tó bá fọ eyín, mi ò ní fi nǹkan kan síbẹ̀ rárá títí yóò fi tọ́jú ẹ̀. Owó ò sí, ọjọ́ sì wà: ṣéènì lásán, wọ́n á na án díẹ̀ kí wọ́n tó so ó, wọn ò ní fà á jù ìlọ́po méjì, wọ́n á máa pààrọ̀ ẹ̀. Rọ́bà oníwáyà, ibi tí àyè ò bá ju mílímítà kan lọ mọ́ nìkan ni mo ti ń lò ó.

Ẹnì kan tún wà táwọn dókítà kì í sábà ronú nípa ẹ̀, ẹni tó fẹ́ lọ sílẹ̀ òkèèrè, tí físà ẹ̀ ti jáde, tí kò mọ ìgbà tóun máa rí dókítà bíréèsì lọ́hùn-ún. Ṣéènì kọ́ ni kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí London tàbí Houston lẹ́nu ẹ̀. Ẹ yọ ọ́. Ẹ fi wáyà tín-ín-rín di àwọn eyín pọ̀ bí ẹni di irun, kí wọ́n dúró síbi tí wọ́n dé, ẹ kọ ipá tẹ́ ẹ lò, ìwọ̀n wáyà, àti àyè tó kù ní mílímítà sínú ìwé kan fún un, kó mú un dání pẹ̀lú fọ́tò eyín ẹ̀.